Màmá bi mí pé, "Pásítọ̀, kí ni wọ́n ń pè ní client?"

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá mú fóònù, ojú ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Lónìí mo ti pinnu. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ráàyè kà á tán báyìí, kó fi í pamọ́ di alẹ́.

Màmá kan wà nínú ìjọ wa. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má sì bi mí. Ata ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ti wà nídìí àtẹ yẹn kí n tó gba ìpè Olúwa. Opó ni wọ́n, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì kù sọ́dọ̀ wọn nílé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, inú wọn ń dùn, ẹsẹ̀ wọn ò balẹ̀. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ o. Ọmọ mi ti ríṣẹ́. Ó ní client ní Amẹ́ríkà, client náà sì ń sanwó dáadáa." Mo ní, "Ẹ kú oríire, Màmá. Ọlọ́run á fi kún un." Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọrẹ ìdúpẹ́ wá, owó tó nípọn. Mo gba máìkì, mo ní Olúwa ti ṣílẹ̀kùn ilẹ̀ òkèèrè fún ìdílé yìí. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Ọmọ náà jókòó lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn akọrin. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo mọ ohun tí client jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí kí ẹ má baà rò pé àwọn ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Màmá ni kò mọ̀.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìdájí, àwọn agbófinró kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n mú ọmọ náà, wọ́n kó láptọ́ọ̀pù, wọ́n kó fóònù mẹ́rin. Kí aago méje tó lù, Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sùn. Wọn ò sunkún. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Pásítọ̀, kí ni wọ́n ń pè ní client?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo gba dípúlómà, kò sí ìdánwò tó le tó èyí. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo gbàdúrà. Mi ò dáhùn.

Kí ẹ tó sọ pé bàbá àgbà yìí ti tún dé pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, ẹ gbọ́ mi ná. Mi ò bá ọ̀dọ́ jà torí pé wọ́n ń dá èdè tiwọn. Kò sí ìran tí kì í ṣe é. Àwọn bàbá wa ń fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí àlejò má baà gbọ́. Nígbà tí èmi náà wà léwe, a ní tiwa, bí ìyá mi bá sì gbọ́ ọ, wọ́n á bi mí bóyá orí mi pé. Bí ọmọ bá ní "e choke", tàbí tó ní òun kàn ń ṣe "cruise" ni, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ti "wèrè" tí wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀ kò dùn mọ́ mi nínú, torí ilé tí àìsàn yẹn bá ti wọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ìyẹn nìkan kọ ìwé gígùn báyìí.

"Japa" ńkọ́? Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Yorùbá ni, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ẹni tó ní òun fẹ́ japa kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ń sọ fún ẹ pé òun fẹ́ já kúrò níbí, kí òun sá lọ. "Sapa" náà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọmọ wá sọ fún mi pé sapa mú òun ju kó máa rẹ́rìn-ín sí mi kí inú rẹ̀ sì ṣófo.

Àwa Ìjẹ̀ṣà gan-an ni kò yẹ ká bá orúkọ àwàdà jà. Ọmọ Iléṣà ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo má sì pè mí ní àlejò o. Ọlárọ́ọ̀yè tó tẹ ìlú yìí dó, ṣé ẹ mọ̀ pé Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá?) Kí ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà? Òṣómàáló. Ibo ló ti wá? Àwọn bàbá wa máa ń ru aṣọ lọ sí ìlú tó jìnnà, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, Ìjẹ̀ṣà á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè, á lóṣòó síbẹ̀. Ẹ fún un níjòókòó, kò ní gbà. Á ní òṣóó ni òun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Àwọn ará ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi di orúkọ. Ìyẹn náà, kí la ó pè é bí kò ṣe "slang" ìgbà yẹn? Síbẹ̀ lónìí, bí wọ́n bá kí Ìjẹ̀ṣà ní ọmọ Òṣómàáló, àyà rẹ̀ á ga sókè ni. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan tó sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Bí o bá ti gbọ́ ọ, o mọ̀ pé a ta ọjà, o mọ̀ pé ẹnìkan jẹ gbèsè, o mọ̀ pé olówó wá gba owó rẹ̀ lójú gbogbo ayé, orúnkún sì ń ro ó.

Ẹ wá bá mi wo orúkọ tí a ti ń pe olè tó ń fi ẹnu jalè.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbájúẹ̀ là ń pè é. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́: wọ́n gbá ẹnìkan lójú. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ wà nínú orúkọ náà. Nígbà tó yá, a ń pè é ní 419. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ni, èyí tó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fi irọ́ gba ohun ìní ọmọnìkejì. Kódà bí a bá ń fi ṣàwàdà, ẹ̀wọ̀n wà nínú orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó di "yahoo". Ta ni Yahoo? Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni, Jerry Yang àti David Filo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1994. Torí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló ṣe di orúkọ iṣẹ́ wọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tí wọ́n jà lólè ti jáde kúrò nínú orúkọ, òfin náà sì ti jáde? Ó dà bíi kí wọ́n mú jáwójáwó ní Ọjà Ọba, ká wá máa pe iṣẹ́ rẹ̀ ní "Ọjà Ọba". Bí wọ́n bá bi í, á ní Ọjà Ọba lòun ń ṣe. Gbogbo wa á ní ẹ kú ọjà o.

Lọ́dún 2007, Olu Maintain gbé "Yahooze" jáde, orúkọ náà wọ agbo ijó. Lọ́dún 2008, Colin Powell tó ti jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Amẹ́ríkà jó o lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi náà jó o níbi ìgbéyàwó kan, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ta ló ń rántí olè mọ́ bí ìlù bá dùn?

Lónìí, yahoo pàápàá ti ń hàn jù fún wọn. Wọ́n ní "work" ni, "hustle" ni. Irọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń tan ènìyàn, "format" lorúkọ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́fíìsì. Ẹni tó ya olè ní àkántì kí owó lè gba ibẹ̀ wọlé, "picker". Kíkọ́ irọ́ tuntun, "update". Ilé tí wọ́n ń kó ọmọ kéékèèké jọ sí láti kọ́ wọn, wọ́n ní "hustle kingdom", tí wọ́n gé kúrú sí HK. Kingdom! Ìjọba! Ọ̀rọ̀ tí Olúwa wa fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀ ní Gálílì ni àwọn ọmọ tó ń kọrin fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi fi sórí ilé olè. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, "maga" tàbí "mugu" ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Èébú ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ pé wọ́n fi ẹnìkan ṣe òmùgọ̀. Ní báyìí ó ti di "client". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ òyìnbó, ẹ sọ fún mi: ta ló ń jẹ́ client? Ṣé kì í ṣe ẹni tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé lọ́yà lọ́wọ́ ni? Ẹni tó fọkàn tán ọ, tó sì fi owó rẹ̀ bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ mi láti ibi tí mo wà. "Dádì, cruise lásán ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń ṣe é." Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ò fọwọ́ kàn án rí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ dáadáa kan nínú àwọn tó ń bójú tó ìkéde wa gbé ìwé ìpolongo jáde fún owó òrùlé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "aza" ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Àkántì ló ní lọ́kàn. Mo bi í pé ṣé ó mọ ẹnu àwọn tó ti gba ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ayé ló ń lò ó. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Olè ò ní kí gbogbo yín wá bá òun jalè. Kí ẹ kàn máa sọ èdè òun ti tó o, kí òun lè máa gba àárín yín kọjá láìsí ẹni tó máa wẹ̀yìn wò.

Ìpalára rẹ̀ sì ń kan àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023, EFCC wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ń gbé ìta ọgbà ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀, ọ̀gá àgbà EFCC sì ní kí wọ́n má ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóru mọ́. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń fọ́ ilẹ̀kùn ọmọ ọlọ́mọ láàjìn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Pétérù nínú àgbàlá olórí àlùfáà, bí wọ́n ṣe ní ọ̀nà tó gbà ń sọ̀rọ̀ ló tú u fó. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà. Client gidi ló ní. Kò lè sọ ọ́ mọ́. Onílé rẹ̀ ti ń wò ó tìfura-tìfura. Ẹ̀yin lẹ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹlòmíì tún gbé èyí wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ̀wé gan-an, ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gba àwọn ọ̀rọ̀ wa wọlé. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025: japa wà níbẹ̀, àbí wà níbẹ̀, ẹ̀bà wà níbẹ̀, 419 wà níbẹ̀, Yahoo boy náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ó ti di òyìnbó o." Mo ní ó dáa, ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí Yahoo boy fún mi. Ó kà á. Oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Òyìnbó ní Oxford mọ̀ ọ́n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba. Àwa tí ọmọ jẹ́ tiwa là ń pè é ní "ó ń ṣiṣẹ́". Wòlíì Àìsáyà ti kìlọ̀ fún irú àwa yìí, tá à ń fi orúkọ ire sórí ibi. Orí karùn-ún ẹsẹ̀ ogún, ẹ lọ kà á.

Àwọn tó ní òyìnbó ló kó wa lẹ́rú, pé ẹ̀san là ń gbà, mi ò ní pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Opó tó ń dá gbé ní Ohio kò mọ ẹni tó ra bàbá ńlá ẹ. Ẹ sì wo Hushpuppi tí gbogbo yín ń tẹ̀ lé lórí Instagram. Wọ́n mú un ní Dubai lọ́dún 2020. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ ní Los Angeles jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti oṣù díẹ̀, ó sì ní kó dá owó tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là padà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì jẹ́ oníṣòwò ní Qatar tó ń wá owó láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ o! Ẹ̀san ẹrú wo ló wà níbẹ̀?

Àwọn tó ní kò síṣẹ́ nìkan ni mi ò lè bá jiyàn. Kò síṣẹ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mo mọ ohun tí ojú àwọn ìyá wa ń rí ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó rówó ọkọ̀ gbé ata dé àtẹ. Bí ebi bá ń pa ọ́, wá sọ ọ́. "Sapa" ni kó o pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn wà, o ò ní láti yá tolè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kúrò lórí ọmọdé. Àwa tí à ń gbé máìkì, a ní "slang" tiwa náà, tiwa ló sì la ọ̀nà fún tiwọn. Nígbà tí owó bá wọlé láìsí iṣẹ́ tí a rí, a ní "breakthrough" ni. Nígbà tí a bá fẹ́ gba owó, a ní kí wọ́n gbin irúgbìn. A ń gbàdúrà fún "alert" ọ̀sán gangan. A ní ọrọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ máa sún sọ́dọ̀ olódodo, ọmọ kan sì wà lẹ́yìn tó ń ṣe àmín kíkan-kíkan torí ó ti mọ ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ọrọ̀ rẹ̀ máa sún. Obìnrin tí wọ́n jà lólè, àwọn ọmọ pè é ní client. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi, kí la pè é lórí pẹpẹ? "Destiny helper." Èmi ni mo sọ ọ́, lójú gbogbo ìjọ, lọ́jọ́ tí Màmá mú ọrẹ wá.

Ẹ rántí ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, oṣù keje ọdún 1930, nígbà Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Àwọn ènìyàn kó oògùn jáde nínú ilé wọn wá sí gbangba, wọ́n sun ún. Wọn ò fún oògùn ní orúkọ tuntun kí wọ́n tó gbé e wá síwájú Ọlọ́run. Àwa ọmọ ọmọ wọn lẹ́nu ìsìn ló mọ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, ní ìjọ tèmi, láti oṣù yìí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹ́rìí owó máa kọ́kọ́ sọ fún èmi àti alàgbà méjì ní Yorùbá, iṣẹ́ tó ṣe, ẹni tó ṣe é fún, àti ìdí tí onítọ̀hún fi sanwó. Yorùbá nìkan o. Ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán yẹn ti sọ tirẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dán an wò pẹ̀lú ìyá yín lálẹ́ òní. Ẹ pè wọ́n jókòó kí ẹ sọ pé, "Màmi, obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, mo sọ fún un pé sójà òyìnbó ni mí, mo ní mo máa fẹ́ ẹ, ó sì ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi." Ẹ wo ojú wọn.

Èmi ni mo padà sọ gbólóhùn yẹn fún Màmá. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n mú ọmọ náà ni mo ráàyè rí i, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ìyá òun. Mo lọ bá wọn nídìí àtẹ ní Ọjà Ọba. Wọn ò dáwọ́ ata tí wọ́n ń tò dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí bóyá obìnrin náà lọ́mọ. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n tún to ata díẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní, "Pásítọ̀, owó tí mo mú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Owó yẹn la fi kún owó jẹnẹrétọ̀ tuntun. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní a ti gbàdúrà sí i, pé ó ti di mímọ́. Àwọn kan ní ká tà á, ká kó owó rẹ̀ fún ilé ẹjọ́ kí wọ́n lè dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ ti mọ ibi tí èmi dúró sí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí, Màmá náà máa wà níbẹ̀. Títí dìgbà náà, jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ò ní tàn án. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí ìsọjí Ọjọ́rú, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání.